Ẹni Tí Ó Ń Pàtẹ́wọ́ Ní Orí Òkè

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àgbà àti ọmọdé, ọkùnrin àti obìnrin, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí ẹni tí ó jókòó kà á, mo sì kí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlọ́, n kò sì bu iyọ̀ sí i. Lẹ́nu ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ ọ, ìyẹn obìnrin aránṣọ kan tí kì í sọ àsọdùn, tí ó máa ń wọn ọ̀rọ̀ dáadáa kí ó tó gé e.

Jórinjórin ni ọkọ aránṣọ yìí. Òun ni ó jó irin jangilófà tí ó wà ní pápá ìṣeré ọmọdé, nínú ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò wọn. Nítorí náà, bí ìdílé náà bá ti dé ibẹ̀, ọkùnrin yìí kì í jókòó. Yóò fa ẹ̀wọ̀n jangilófà wò. Yóò fi èékánná kan ojú ibi tí ó ti jó o pọ̀. Àwọn ìyá ọlọ́mọ a sì máa wò ó bí ẹni tí ó fẹ́ jí irin gbé.

“Bàbá wọn, ẹ fi jangilófà sílẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ gùn ún,” ni aránṣọ a wí.

“Tó bá já ńkọ́?”

“Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Àbí ẹ ò fọkàn tán iṣẹ́ ọwọ́ yín ni?”

Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, obìnrin sì ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò, nítorí pé kò sí ohun tí a sọ fún un tí kò ní bèèrè ẹ̀rí. Àbúrò ni wọ́n ń pè ní Àtẹ́wọ́. Ọmọ yìí kò ní orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà kan rí, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ohùn rẹ̀ a máa há díẹ̀, bí ohùn ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Lẹ́yìn náà ni ibà kan gbé e dálẹ̀. Nígbà tí ibà náà lọ, ohùn ọmọ bá a lọ. Láti ìgbà náà, àtẹ́wọ́ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ó pa ọ̀kan, ó kọ̀. Ó pa méjì, ó gbà.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó mi orí.

“Kò sí ohun tó ṣe ọ̀fun rẹ̀. Ẹ máa mú un jáde. Ẹ jẹ́ kó rí igi, kó rí ẹgbẹ́ rẹ̀, kó ṣeré títí ó máa fi rẹ̀ ẹ́. Ohùn yẹn á padà.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó di pé, bí ọjọ́ ìsinmi bá ti dé, ilé wọn a máa ṣófo. Wọn yóò di oúnjẹ sínú agbọ̀n, wọn yóò ti ilẹ̀kùn, ó di ọgbà. Ohun kan ṣoṣo ni aránṣọ yìí ń fẹ́ láyé nígbà náà: kí ó tún gbọ́ kí ọmọ náà pè é ní Mọ́mì. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn máa ń wo ẹnu ọmọ náà nígbà tí ó bá wà lórí jangilófà, tí inú rẹ̀ ń dùn, bóyá nǹkan yóò jáde.

Òkè kan wà lẹ́yìn pápá ìṣeré náà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró kan gba àárín igi lọ sí orí rẹ̀. Ẹnì kan ni ó lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìdílé yìí ní ètò tiwọn. Bàbá a ṣíwájú, Agbẹjọ́rò a tẹ̀ lé e, Àtẹ́wọ́ a tẹ̀ lé Agbẹjọ́rò, ìyá a kẹ́yìn. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yí, bàbá a dúró. Kò ní bojú wẹ̀yìn. Yóò kàn pariwo pé:

“Ṣé a pé?”

“Èmi rèé,” ni Agbẹjọ́rò a wí.

Àtẹ́wọ́ a pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

“A pé,” ni ìyá a wí.

Ìgbà tí ìyá bá sọ pé a pé ni bàbá tó máa gbẹ́sẹ̀. Bí ìyá kò bá sọ ọ́, kò sí ìrìn. Òfin ilé wọn nìyẹn, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Kódà nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé, wọn a ṣe é, wọn a sì rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí oòrùn ràn dáadáa, wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yí po lẹ́yìn àpáta ńlá kan. Bàbá pè. Agbẹjọ́rò dáhùn. Àtẹ́wọ́ pa tirẹ̀. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu ni.

“Èmi rèé.”

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn náà ti wá. Ó rẹlẹ̀. Ó há díẹ̀.

“A pé,” ni ìyá wí.

Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ ohun tí etí gbọ́. Bàbá ti gbẹ́sẹ̀. Ìlà wọn ti ń lọ. Aránṣọ náà bojú wẹ̀yìn. Ọ̀nà ṣófo. Ewé gbígbẹ wà nílẹ̀. Kò sí èyí tí ó mì.

Lálẹ́, ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

“Gbohùngbohùn ni,” ni ọkọ wí. “Àpáta yẹn ló dá ohùn Agbẹjọ́rò padà.”

“Ohùn mi kò rí bẹ́ẹ̀,” ni Agbẹjọ́rò wí láti inú yàrá, níbi tí ó yẹ kí ó ti sùn. “Èmi kò gbà.”

“Ta ló pè ọ́ sí ẹjọ́? Sùn, jàre.”

Ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, ibi àpáta yẹn kan náà, ohùn náà tún jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sún mọ́ wọn sí i.

“Èmi rèé, Mọ́mì.”

Ẹsẹ̀ aránṣọ náà di mọ́ ilẹ̀. Ó wo iwájú. Àtẹ́wọ́ ti yíjú padà. Ètè ọmọ náà pàdé. Ó ń wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ọmọ tí ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ìyá wọn, ṣé a pé?” Bàbá tún pè.

Àwọn ẹyẹ ti dákẹ́. Kò mọ ìgbà tí wọ́n dákẹ́.

“A pé,” ni ó wí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ lè bèèrè ìdí tí kò fi kó ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Èmi náà bi í. Ó ní ẹ̀rù bà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju bí ẹ̀rù ti bà á lọ. Ohùn tí ó ń wá ni. Ibẹ̀ ni ó wà. Ó ní bí ẹnìkan bá sọ oyè rẹ̀ nù, tí ó wá gbọ́ pé wọ́n fi ń pe òun lórí òkè, ṣé kò ní lọ gbà á? Mọ́mì ni oyè tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún lọ, ojú ọjọ́ tutù. Kò sí atẹ́gùn. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí ewé lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ kékeré, tí ó ń tẹ ibi tí òun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ará iwájú má baà gbọ́.

“Máa bọ̀, ọmọ mi,” ni ó wí.

Ẹsẹ̀ náà dúró.

Wọ́n dé ibi àpáta. Bàbá pè.

“Èmi rèé,” ni Agbẹjọ́rò wí.

“Èmi rèé,” ni Àtẹ́wọ́ wí.

Ẹnu ọmọ náà ni ó ti jáde. Ìyá rí ètè rẹ̀ bí ó ti ṣí. Agbẹjọ́rò yíjú padà, kò rí ẹ̀rí kankan bèèrè, ó bú sẹ́kún. Bàbá sá padà wá, ó gbé ọmọ sókè, ó gbá a mọ́ àyà.

“Tún un sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó tún un sọ.”

“Dádì, ẹ̀ ń fún mi pa,” ni ọmọ náà wí.

Ẹ̀rín àti ẹkún dàpọ̀. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń wo ọ̀nà. Ní ibi ìyípo tí ó kẹ́yìn, bàbá ò tilẹ̀ dúró, ó kàn ń kọrin pé: “Ṣé a pé? Ṣé a pé?” Ìyá dáhùn pé, “A pé.” Bí ó ti sọ ọ́ tán, ó gbọ́ nǹkan lókè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àpáta.

Àtẹ́wọ́ méjì.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé apá ẹyẹ ni. Kò dúró.

Ilé wọn kún. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń bá Agbẹjọ́rò ṣe ẹjọ́, ó sì ń jàre. Dókítà ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ń kọrin nídìí máṣíìnì. Ó ní kò sí ìgbà tí ayé òun dùn tó báyìí rí, mo sì gbà á gbọ́, nítorí ojú rẹ̀ ń dán bí ó ti ń sọ ọ́.

Ó wá rán aṣọ tuntun fún ọmọ náà. Èjìká òsì ọmọ yìí rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ìyá nìkan ni ó mọ̀, nítorí pé gbogbo aṣọ rẹ̀ ni ó máa ń fi aṣọ díẹ̀ tẹ́ lábẹ́ èjìká òsì kí ọrùn aṣọ má baà wọ́. Ó tẹ́ ẹ bí ó ti máa ń ṣe. Ọmọ wọ̀ ọ́. Ọrùn aṣọ wọ́ pátápátá.

Ó mú téèpù. Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n.

Ọ̀tún ni ó rẹlẹ̀.

“Ṣé kò bá mi mu ni, Mọ́mì?”

“Ó máa bá ọ mu. Dúró jẹ́ẹ́.”

Ó tú òsì, ó tẹ́ ọ̀tún. Aṣọ náà jókòó dáadáa. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọmọdé ń dàgbà, ara ń yí padà, ohun tí ó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ náà kò fẹ́ gun òkè mọ́. Pápá ìṣeré nìkan ni ó ń fẹ́. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gba ọ̀nà ẹsẹ̀, yóò di ẹ̀wọ̀n jangilófà mú.

“Ó tutù níbẹ̀,” ni ó máa ń wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oòrùn ń wọ̀, àwọn ènìyàn ti ń lọ. Ìdílé náà dé ẹnu géètì. Aṣọ́gbà, bàbá àgbàlagbà kan tí ó mọ̀ wọ́n dáadáa, mú àgádágodo dání. Kò tì í.

“Màdámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ìyókù yín. Mo fẹ́ tilẹ̀kùn.”

“Gbogbo wa nìyí, Bàbá.”

“Ta ló wá ń pàtẹ́wọ́ lókè?”

Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Jangilófà ń mì fúnra rẹ̀, ó ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti orí òkè, láàárín igi tí ó ti ṣú, àtẹ́wọ́ méjì dún. Ó kéré. Ó mọ́.

“Ọmọ yín kọ́ nìyẹn?” ni aṣọ́gbà bèèrè. “Ìgbà tí ẹ bá wà níbí nìkan ló máa ń ṣe é. Tí ẹ ò bá wá, òkè a dákẹ́.”

Jórinjórin ń wo ilẹ̀. Agbẹjọ́rò, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kò bèèrè ohunkóhun. Ọmọ kékeré náà di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbóná, ó sì dẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Mọ́mì.”

“Kì í ṣe tiwa,” ni aránṣọ náà sọ fún aṣọ́gbà.

Aṣọ́gbà wò wọ́n díẹ̀. Ó ti géètì pa.

Wọ́n dé inú ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá wọ́n pé. Láti ọjọ́ yẹn ni wọn kò ti bèèrè rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ṣì ń sọ̀rọ̀, ilé ṣì kún, oúnjẹ ṣì ń dùn lẹ́nu wọn. Aránṣọ sọ fún mi pé òun kò ráhùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ ìsinmi, tí gbogbo ilé wà lórí pápá, òun a máa wo ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn. Ó ń ṣe é bíi pé kí òun nìkan gun òkè, kí òun dé ibi àpáta, kí òun pè. Ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá mú ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, èkejì lè má sí nílé mọ́ nígbà tí òun bá dé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó ní kí n bi yín, nítorí pé èmi kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Ṣé kí ó lọ, àbí kí ó jókòó? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á nímọ̀ràn.