Orúkọ Bàbá Kan Náà

Nọ́ọ̀sì pe orúkọ bàbá kan, èèyàn méjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan jẹ́ télọ̀ obìnrin tí eyín kò jẹ́ kó sùn, èkejì jẹ́ káfíńtà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú gbàǹgbà.

"Ẹ máa lọ ṣáájú, àǹtí," ni káfíńtà wí. "Ẹ̀rù dókítà eléyín yìí ń bà mí."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí eyín fi dùn ún. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn o.

Bàbá télọ̀ kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní àbí ẹbí ni wọ́n? Ó wádìí títí, kò rí ìbátan kankan. Orúkọ náà kúkú kún ìgboro. Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Àfi bí ìròyìn ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkùnrin kan dáná sun ilé mọ́ àwọn èèyàn lórí ní ìlú kejì, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Orúkọ bàbá rẹ̀ nìkan ni tẹlifíṣàn mọ̀. Háà! Orúkọ yẹn gan-an ni.

Ìyá télọ̀ káwọ́ lérí. "Ọmọ mi, ṣé o mọ àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin tó o fẹ́ fẹ́ yẹn?"

"Màmá, ṣebí orúkọ tiwa náà ni?"

"Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wá. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni. Ta ló mọ ibi tó ti wá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù ba télọ̀. Lọ́sàn-án, oníbàárà kan tó wá gba síkẹ́ẹ̀tì bi í pé, "Káfíńtà tó kọ orúkọ yẹn sára pátákó ìsọ̀ rẹ̀, ṣé èèyàn yín ni? Wọ́n ní àwọn kan ń lọ ká a mọ́bẹ̀."

Télọ̀ sáré ká aṣọ náà fún un. "Rárá o. N ò mọ̀ ọ́n rí."

Ó gbójú sókè, ó rí káfíńtà lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti àga tuntun tó kàn fún un. Káfíńtà rọra gbé àga náà sílẹ̀, ó yí padà.

Yéè! Ojú ti télọ̀. Kò bẹ̀rù káfíńtà mọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé wọ́n lè pa ọkùnrin náà. Ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé e.

Kó tó débẹ̀, èrò ti kún iwájú ìsọ̀, wọ́n ti ká káfíńtà mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Pátákó ti wà nílẹ̀, òkúta wà lọ́wọ́ wọn. Télọ̀ la àárín wọn kọjá, ó sì gbé pátákó náà mọ́ àyà.

"Èmi náà ń jẹ́ orúkọ yìí! Ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀!"

"Èmi náà ń jẹ́ ẹ," ni ohùn kan wí lẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ló sáré dé. Ìyá rẹ̀ di aṣọ bàbá mú gírígírí.

Ni awakọ̀ kan láàárín èrò bá wo òkúta ọwọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ gbà mí o. Orúkọ bàbá tèmi náà nìyẹn."

Wọ́n tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

"O ní o ò mọ̀ mí," ni káfíńtà wí.

"Ẹ̀rù ló bà mí, ọkọ mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Káfíńtà mú òòlù. "Bá mi di pátákó yẹn mú, kí n kàn án padà."

Wọn ò tíì rí ọ̀daràn náà mú lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí akọ̀wé kóòtù pe orúkọ bàbá ìyàwó, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ wọn. Télọ̀ àti káfíńtà jọ dìde.

"Ẹ máa lọ ṣáájú," ni télọ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Káfíńtà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Tòní kọ́, ìfẹ́ mi. A jọ ń lọ ni."