Èjìká Tó Dákẹ́

Ọjọ́ tí obìnrin akọ̀wé náà kọ́kọ́ wọ yàrá oníṣègùn iṣan, èjìká rẹ̀ ti gan bí pákó. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì láìgbórí sókè. Oníṣègùn lẹ wáyà mọ́ ọn léjìká. Ó ní bí iṣan bá le, ẹ̀rọ á ké. Bí ó bá dẹ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́, kí akọ̀wé lè mọ ìgbà tó yẹ kí ó dẹ ara sílẹ̀.

"Dókítà, ṣé ara mi lẹ ti fẹ́ fa iná wọlé yín ni?"

Ẹ̀rín pa ọkùnrin oníṣègùn náà. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni oníṣègùn ń gbé ẹ̀rọ náà lọ bá a nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ìfẹ́ wọlé, kò kanlẹ̀kùn. "Dókítà" di "Oníwáyà mi". Ìyá obìnrin náà nìkan ló fajú ro. Ó ní ẹni tó ń lẹ nǹkan mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lára kò lè ṣe àna òun.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ẹ̀rọ kò ké mọ́ rárá léjìká ọ̀tún. Inú oníṣègùn dùn ṣìnkìn. Ó lọ bá ìyá náà, ó ní ọmọ wọn ti gbádùn, kí wọ́n jẹ́ kí òun fẹ́ ẹ. Ìyá rọ̀. Wọ́n dájọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ife omi bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé lójú oníṣègùn. Ó yẹ èjìká náà wò: ẹran ibẹ̀ ti joro. Iṣan náà kò dẹ̀, ó ń kú lọ ni. Ilé ìwòsàn ńlá ní àìsàn náà kò gbóògùn, yóò sì máa ràn ká gbogbo ara.

"Èmi ni mo ṣi ìdákẹ́ ẹ̀rọ náà kà," ni ọkùnrin náà wí.

"Ife ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi láti oṣù méjì," ni akọ̀wé dá a lóhùn. "Mi ò sọ ni. Ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn bá dákẹ́ ni inú rẹ máa ń dùn."

Ó ní kí ó máa lọ, a kì í fi àánú fẹ́yàwó. Ọkùnrin náà ní kì í ṣe àánú, òun ò níbi tí òun ń lọ.

Ìyá tó ti ń gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà wọlé. "Ìwọ lo wá sọ fún mi pé ó ti gbádùn," ni ó wí. "Wá gbé e níyàwó, kí o sì tọ́jú ẹ̀."

Ọjọ́ tí wọ́n dá náà kò yẹ̀. Níwájú ìwé ìgbéyàwó, kálàmù kò dúró láàrin ìka ìyàwó. Akọ̀wé tó ti bá ọ̀gá mẹ́fà kọ lẹ́tà ní kí wọ́n gbé tàdáwà wá. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ bá a di ọwọ́ náà mú, obìnrin náà ní kí ó fi òun sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó sì tẹ àtàǹpàkò síbi tí orúkọ yẹ kó wà.