Àga Tí Kò Gbọdọ̀ Ké

Ọkùnrin náà ń jókòó, ó ń dìde. Bó bá jókòó sórí àga kan lórí ìtàgé gbọ̀ngàn náà, á tẹ́tí sílẹ̀, á rọra mi ìdí, á fajú ro, á sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Àga méje ló tò kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Káfíńtà tí wọ́n pè wá tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe dúró ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń wò ó, ẹ̀rín sì ń pa á.

Obìnrin ni káfíńtà yìí. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ìsọ̀ kan náà ni wọ́n sì jọ ń ṣe é.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí làwọn àga yẹn fi ṣe yín?"

Ọkùnrin náà fò dìde. "Ariwo wọn ti pọ̀ jù. Gìtá ni mò ń ta. Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, èmi nìkan ni màá jókòó síbí, màá ta orin àwọn ará Sípéènì àti tàwọn ará Pólàndì. Kò sí ìlù, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ibì kan wà tí orin náà máa rọlẹ̀ débi pé bí àga bá ké, òun ni gbogbo èèyàn máa gbọ́."

Káfíńtà dojú àga kan dé, ó mi ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ wò ó. Gúlù ti gbẹ níbi tí igi yìí ti wọnú ihò. Bẹ́ ẹ bá ti jókòó, igi á máa ha igi. Tí mo bá tú u, tí mo tún un lẹ̀, á panu mọ́."

"Ṣé ẹ lè pa àga lẹ́nu mọ́ ni?"

"Èèyàn nìkan ni mi ò tíì lè pa lẹ́nu mọ́."

Ó gbé àga náà lọ sísọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ológìtá wá wò ó. Àga ò ké mọ́, àmọ́ ó ní ó fi ìbú ìka kan ga jù. Káfíńtà gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún padà wá, ó ní ẹsẹ̀ kan ń ṣe bí ẹni fẹ́ mì. Ó tún padà wá, ó ní etí àga ń gún òun nítan. Nígbà tó yọjú lẹ́ẹ̀kẹrin, káfíńtà kó ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ológìtá, àga yìí ò lárùn kankan mọ́. Kí lẹ tún wá wò?"

"Ẹni tó tún un ṣe ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Bí gúlù iṣẹ́ bá ń gbẹ lọ́wọ́ nísọ̀, ológìtá á jókòó láàárín èérún igi, á máa ta gìtá. Orin Sípéènì dà bí ẹni tó ń fi ayọ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ijó ni èyí tó ti Pólàndì wá, ṣùgbọ́n ijó ẹni tí àárò ilé ń sọ ni: ẹsẹ̀ á gbéra, á dúró díẹ̀ lókè, kó tó balẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún un pé èékánná ọwọ́ ọ̀tún lòun fi ń ta okùn. Bí ẹnu èékánná bá rí gbágungbàgun, ohùn gìtá á máa ha. Káfíńtà mú sánpépà tó kúnná jù, èyí tó máa ń lò gbẹ̀yìn kó tó kun igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán èékánná náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọwọ́ rẹ ti wà níkàáwọ́ mi báyìí o," ó ní.

"Jẹ́ kó máa wà níbẹ̀ títí ayé, olólùfẹ́ mi."

Káfíńtà díbọ́n bí ẹni ń fẹ́ eruku kúrò lórí èékánná, kí ó má baà rí ojú òun. "Lọ sọ ìyẹn fún bàbá mi. Èmi ti gbà. Àmọ́ bí òun ò bá gbà, mi ò ní lè fẹ́ ọ."

Ológìtá lọ bá bàbá nísọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó ku ọjọ́ méjì kó ta gìtá. Bàbá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

"Ọwọ́ rọ̀ bí òwú. Èékánná gùn bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Kí lọwọ́ yìí lè gbé?"

"Ohun tẹ́ ẹ bá ní kó gbé ni, bàbá."

Kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí káfíńtà fi máa ra ìṣó dé, kọ́bọ́ọ̀dù ti wà lókè, ológìtá sì di ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. Èékánná ti ya dé ibi ẹran.

"Ta ló ní kó o gbé e?"

"Bàbá ni."

"O ò lẹ́nu ni?"

"Tí mo bá ṣàlàyé, á dà bí àwáwí."

Omi lé ròrò sójú káfíńtà. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, bí ẹnì kan bá fọ́ ìfági yín nígbà tí iṣẹ́ ku ọ̀túnla, ṣé ẹ máa rẹ́rìn-ín? Èékánná yẹn ni irinṣẹ́ rẹ̀!"

Bàbá jókòó sórí pákó. Láti kékeré rẹ̀, kò tíì ba irinṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí.

"Kò látùn-únṣe ni?"

"Ó ní in, bàbá. Àwa ológìtá máa ń gé ara bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ èékánná. Àmọ́ bó bá nípọn jù, ohùn á kú. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa."

"Èmi máa mọ̀ ọ́n ṣe."

Wọ́n wá bọ́ọ̀lù rí. Bàbá mú àlùmọ́gàjí, ó sì fa ọwọ́ ológìtá tó sún mọ́ ọn jù, ti òsì ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fẹ́ jù ú sílẹ̀, ó dúró. Ó fi àtàǹpàkò ra orí àwọn ìka náà. Wọ́n le koránkorán.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Okùn gìtá ni, bàbá. Ọdún kọkàndínlógún rèé."

Bàbá ṣí àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀, níbi tí òòlù ti sọ awọ di líle, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìka náà.

"Ọwọ́ òsì yìí ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ bọ̀," ó ní. "Mú ọ̀tún wá."

Àkọ́kọ́ nípọn jù. Ìkejì ré bọ́ nígbà tó fi ta okùn. Ní ọ̀sán Sátidé, káfíńtà di ọrùn ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ mú lójú fèrèsé, bàbá sì fi sánpépà tó kúnná jù dán ìkẹta títí ojú ò fi rí ibi tó ti pàdé èékánná. Ológìtá ta okùn kan. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara.

Lọ́jọ́ Àìkú, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bàbá àti ọmọ jókòó ní ìlà kejì. Orin Sípéènì sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àga panu mọ́. Ó wá kan ijó Pólàndì, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń dúró lókè. Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Bàbá nàgà síwájú kó lè rí èékánná tó ṣe níbi iṣẹ́.

Kíìn!

Gbogbo ojú yí sí i. Àga tí bàbá jókòó lé ló ké.

"Wá tún èyí náà ṣe lọ́la," ó sọ sétí ọmọ rẹ̀, ìtìjú sì mú un.

Lẹ́yìn àtẹ́wọ́, bàbá gòkè lọ bá ológìtá, ó gbé ìka náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Kò mì rárá," ó ní. Ó wúkọ́. "Kó àwọn ẹbí rẹ wá kí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù kankan o. Ohun tó bá wà láti gbé, èmi ni n óò gbé e."

Ó fi wọ́n sílẹ̀ lórí ìtàgé. Ológìtá tún jókòó, ó sì na ọwọ́ òsì sí káfíńtà.

"Àga kan ò ní tó wa nílé," ó ní.

"Mo ti ń kan ìkejì láti ọjọ́ tó o wá lẹ́ẹ̀kẹrin."

"Ṣé gíga kan náà ni?"

"Gíga kan náà ni. Tèmi nìkan ló lè máa ké."