Àpótí Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Wọ́

Igun àpótí tó wọ́ lánàá ti gún régé láàárọ̀ yìí. Obìnrin aránṣọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ bàbá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo tábìlì iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kan àpótí yẹn, òun ló sì mọ bó ṣe bà á jẹ́ tó: ìṣó méjì tó tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan tó gùn ju ìkejì lọ, àlàfo tí ìka lè wọ̀. Gbogbo rẹ̀ ti pòórá. Ẹnìkan ti fa ìṣó yọ, ó ti fá ẹ̀gbẹ́ tó gùn, ó sì ti gbá èérún pákó jọ sí kọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ bà á. Inú ló bí i.

Bàbá rẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Káfíńtà ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ débi pé ilẹ̀kùn tó bá kàn kì í dún. Nígbà tí aránṣọ yìí wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ó bẹ bàbá títí pé kó kọ́ òun níṣẹ́. Bàbá ní abẹ́rẹ́ ni ọwọ́ obìnrin mọ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí bàbá ń pè ní Àrẹ̀mọ, ló fa ayùn lé lọ́wọ́. Àrẹ̀mọ ju ayùn sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ sí ìlú mìíràn. Síbẹ̀, bàbá fi ojúlówó pákó kan pamọ́ sórí àjà fún ogún ọdún, pé òun ni Àrẹ̀mọ yóò fi kan àpótí àkọ́kọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, aránṣọ gun àkàbà, ó gbé pákó náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ àpótí tirẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni, kò sì ní í tọrọ àyè mọ́.

Àrẹ̀mọ ló fura sí. Ó pè é lórí fóònù, ó bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ wí. Àrẹ̀mọ búra pé òun ò tẹ ìsọ̀ yẹn láti ọjọ́ ìsìnkú. Aránṣọ pààrọ̀ àgádágodo. Ó gé ìdérí àpótí lọ́jọ́ yẹn, ó gé e kúrú jù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdérí ti bá ẹnu àpótí mu rẹ́gí. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ méjì sínú rẹ̀, lẹ́tà gbọọrọ-gbọọrọ ti bàbá rẹ̀, tó mọ̀ dáadáa: Tún wọ̀n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bó ti ń nu òógùn ojú, ó gbọ́ tí nǹkan ń fá igi lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú. Ìfági ń lọ lórí pákó jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó mú un. Èérún kan ká jáde, ó jábọ́ sílẹ̀.

Kò sá. "Ẹ gbé e sílẹ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Mo bẹ̀ yín, ẹ ò kọ́ mi. Mo dá a ṣe, ẹ ò jẹ́ kó jẹ́ tèmi. Ẹ máa lọ bá Àrẹ̀mọ yín."

Ìfági dúró. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí bàbá bá bínú jáde.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, àṣìṣe rẹ̀ dúró bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó tú àpótí, ó tún un kàn, ó wọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bó ti mú ayùn, Àrẹ̀mọ pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "nǹkan kan ń fá igi nínú yàrá mi. Mi ò sì ní pákó kankan nílé."

Aránṣọ bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní ó di ọjọ́ mẹ́ta.

"Mo jí láàárọ̀ yìí, mo bá ilà pẹ́ńsùlù lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan wà lókè orí mi, ọ̀kan wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n kọ nọ́ńbà sáàárín wọn."

 Ọmọ káfíńtà ni aránṣọ, ó mọ irú àpótí tí wọ́n ń wọn ènìyàn fún. Lẹ́yìn náà ni inú tún bí i: sí bàbá tó jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ló mọ̀, láyé àti lọ́run, sí Àrẹ̀mọ, sí ẹnu ara rẹ̀ tó júwe ọ̀nà fún òkú.

Ó ní kí Àrẹ̀mọ gbé fóònù síbi tó ti ń dún. Ó gbọ́ ọ, ìró gígùn, tí kò kánjú.

"Bàbá, èmi ni. Ẹ fi í sílẹ̀. Tèmi ò tíì parí. Ẹ máa bọ̀."

Ìró náà dákẹ́. Àrẹ̀mọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n aránṣọ ò gbọ́ ọ parí. Nǹkan tútù ti di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú lórí ayùn. Ó to ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sára ayùn, ó na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ síwájú, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Ẹ ti pẹ́," aránṣọ wí, kò wẹ̀yìn. "Ẹ ti pẹ́ jù."

Ayùn ń lọ, ojú ilà ló ń tọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó fẹ́ gbé ayùn sílẹ̀ kó lọ mumi.

Ọwọ́ náà kò jẹ́ kó gbé e sílẹ̀.