Tairọ́ọ̀dù Tí David Kò Gé

“Má gé e, David! Mo ní má gé e!”

Jamaldeen ti fọwọ́ di ayùn irin mú. Eyín ayùn ti fa ìlà kan lára tairọ́ọ̀dù tí David ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lẹ́sẹ̀ mọ́tò kan. Tairọ́ọ̀dù ni irin tó so sítíárín pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ táyà, tí táyà fi ń gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu. Èyí ti jẹ. Bí David ṣe fi ìka kan tì í, orí rẹ̀ ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

Òfin kan wà lọ́gbà mẹkáníìkì Ọ̀gá Oyèníran lójú ọ̀nà Máṣífà, níbi tí David ti ń kọ́ṣẹ́: àlòkù tairọ́ọ̀dù kì í jáde lódidi. Wọ́n á gé e lọ́rùn kí wọ́n tó sọ ọ́ sórí òkìtì irin, kí ẹnikẹ́ni má baà kùn ún lọ́dà kó tún un tà. Àwọn mẹkáníìkì yòókù a máa fi Ọ̀gá ṣẹ̀fẹ̀ pé irin tó ti kú ló tún ń pa.

“Ọ̀gá á bi mí,” ni David wí.

“Ọ̀gá ẹ wà nípàdé ìjọ. Ta ló máa sọ fún un? Irin?” Jamaldeen rẹ́rìn-ín. Ọgbà kejì lòun ti ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, kíláàsì kan náà sì ni àwọn méjèèjì. “Ọ̀gá tèmi ń wá irú ẹ̀. Wọ́n á gé rọ́bà tíúbù há a nínú, á sì le koko. Tàbí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni? Alàgbà David! Ẹ gbàdúrà fún wa o!”

Yẹ̀yẹ́ náà ta David lára. Ó ju irin náà sí i. “Gbé e, kó o kúrò lọ́dọ̀ mi.”

Nígbà tí Ọ̀gá dé, ó bi í pé, “Ṣé o ti gé e?”

“Mo ti gé e, sà.”

Ọ̀gá kò yẹ òkìtì irin wò. Ó gbà á gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìròyìn dé pé mọ́tò Àdìsá, tó ń ná Ẹ̀jìgbò sí Ara, ti já wọ igbó. Òun àti Rùkàyyàt, ọmọ rẹ̀, nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ọgbẹ́ díẹ̀ ni Àdìsá ní, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún Rùkàyyàt dá. Ọmọ kíláàsì David ni. Àga iwájú rẹ̀ gan-an ló ń jókòó sí, òun ló sì máa ń ṣàlàyé ìṣirò fún un. Ìdánwò àṣekágbá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

“Mo yí sítíárín, mọ́tò ò dá mi lóhùn,” ni Àdìsá ń sọ fún gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n ní oorun ló ń sùn. Wọ́n ní ọtí ni. Alága gáréèjì ní kó má tẹ ibẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò sì bá a sọ̀rọ̀.

Jamaldeen fa David sẹ́yìn ilé ìwé. “Ọ̀gá mi ló ta irin yẹn fún Àdìsá, ó ní tòkunbọ̀ ni. Bó o bá lanu, àwa méjèèjì la máa wẹ̀wọ̀n.” Láti ìgbà náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu David mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, Àdìsá ní kí wọ́n wọ́ mọ́tò náà wá sọ́gbà Oyèníran.

“Ọ̀gá Oyèníran, ẹ bá mi wo abẹ́ ẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe é, ẹ sọ fún mi kí n mọ̀.”

“David,” ni Ọ̀gá pè, “wọ abẹ́ ẹ̀. Ojú mi ò ríran tó ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó o bá rí ni kó o sọ.”

David fẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọlé. Tairọ́ọ̀dù náà ń rọ̀ dirodiro, orí rẹ̀ ti bọ́ jáde, rọ́bà tíúbù yọ lẹ́nu rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀dà dúdú, ó rí ìlà tí ayùn òun fà.

“Kí lo rí?”

“N ò rí nǹkan kan, sà. Gbogbo ẹ̀ ló pé.”

Láti ibi tó wà, ẹsẹ̀ Àdìsá nìkan ni David ń rí. Ẹsẹ̀ náà ká. Bàbá náà jókòó sórí yẹ̀pẹ̀ tí epo ti bàjẹ́.

“A jẹ́ pé èmi ni,” ni ó wí. “Èmi ni mo ṣẹ́ ọmọ mi lápá. Yáà Allah, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?”

“Kì í ṣe ẹ̀yin!” Igbe náà ti jáde kí David tó mọ̀. “Ẹ má sunkún mọ́, Bàbá Rùkàyyàt. Èmi ni! N ò gé e! Mo purọ́ fún Ọ̀gá!”

Abẹ́ mọ́tò ló ti ro ẹjọ́ náà tán, títí dórí Jamaldeen àti ọ̀gá rẹ̀, nítorí kò lè jáde kojú wọn. Nígbà tó jáde, Àdìsá wò ó títí. Ọ̀gá kò nà án.

“Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà,” ni Ọ̀gá wí. “Dìde. Ohun tó o sọ lábẹ́ mọ́tò, wàá lọ tún un sọ ní gáréèjì lójú gbogbo dẹ́rẹ́bà.”

Ó lọ, ó sì sọ ọ́. Wọ́n gba Àdìsá padà sí gáréèjì. Àwọn ọlọ́pàá wá mú ọ̀gá Jamaldeen, wọ́n ti ọgbà rẹ̀ pa. Ọ̀gá Oyèníran ní kí David kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé, nítorí òun kò lè fi ẹ̀mí ènìyàn sí ọwọ́ tí òun kò gbẹ́kẹ̀ lé.

David lọ kí Rùkàyyàt. Apá rẹ̀ wà nínú símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi di egungun tó dá.

“Wọ́n ní o jẹ́wọ́,” ni ó wí. “O ṣeun tó o gba Bàbá mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé o lè bá mi kọ ìdánwò náà ni?”

David tẹrí ba, ó jáde.

Ní àárọ̀ ìdánwò ìṣirò, àga iwájú David ṣófo. Ìbéèrè kẹta jẹ́ irú èyí tí Rùkàyyàt ti kọ́ ọ rí, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú omijé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí wọ́n bá fi rán yín lẹ́yìn ọ̀gá, ẹ ṣe é bí ẹni pé ọ̀gá ń wò yín. Ẹ má jẹ́ kí yẹ̀yẹ́ ọ̀rẹ́ sọ yín di òpùrọ́. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè sọ, nítorí òtítọ́ tó pẹ́ dé lè wẹ orúkọ mọ́, ṣùgbọ́n kì í to egungun.