Ìyá Ẹlẹ́ja àti Èémí Ọmọ Rẹ̀

Ikú tó pa bàbá télọ̀ kò yé ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tí kì í mu sìgá, tí kì í mutí, ni ikọ́ so mọ́ orí àga títí èémí fi tán nínú rẹ̀. Ibi ìsìnkú gan-an ni àwọn aládùúgbò ti ń wo ojú opó rẹ̀, ìyá télọ̀, tìfura-tìfura. Wọn ò sọ ọ́ síta, àfìgbà tí ikọ́ kan náà mú télọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí.

Kò pẹ́ tí télọ̀ kò fi lè fẹsẹ̀ wa maṣíìnì mọ́. Ìjókòó ló ń sùn. Ọ̀rọ̀ kékeré, á mí sí i láàárín. Ilé ìwòsàn àdúgbò fún un ní oògùn tí á máa fà sẹ́nu, wọ́n ní kó lọ rí dókítà àgbà tó mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n dá ọjọ́ fún un, wọ́n sún un síwájú. Wọ́n tún sún un.

Ìyàwó rẹ̀ ò lè dúró de dókítà. "Ẹ wo òrùlé wa," ó sọ fún onídìrí tí wọ́n jọ ń gbé. "Gbogbo ìrọ̀lẹ́ lẹyẹ ń bà síbẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá?"

"Ibo sì ni ìyá ọkọ ẹ àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń lọ kílẹ̀ tó mọ́?" ni onídìrí fèsì.

Etí odò ni. Ẹja ni ìyá télọ̀ ń yan tà, ìfun ẹja ló sì ń fa ẹyẹ. Gbogbo wọn ló mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tẹ́rù ń bà kì í rántí ohun tó mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó sọ ọ́ lójú ìyá: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fọkọ mi sílẹ̀. Ẹ ti jẹ bàbá ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà ńkọ́?"

Télọ̀ ń wolẹ̀. "Ẹ lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín... fúngbà díẹ̀, màámi."

Ó di ẹrù rẹ̀. Kò sunkún, kò ṣépè. Ìyẹn gan-an ló tún dẹ́rù bà wọ́n.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àyà télọ̀ fúyẹ́. Ó sùn mọ́jú. "Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí?" ni onídìrí ń wí káàkiri. Télọ̀ fúnra rẹ̀ gbà pé òótọ́ ni, ó sì dùn ún ju ikọ́ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ dókítà pé, ìyàwó ní kí ló tún kù tó ń wá lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀ kò tíì lè gun àtẹ̀gùn láìdúró. Ó lọ.

Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó wo fọ́tò tí wọ́n yà nínú àyà rẹ̀. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe nílé?"

"Mò ń ránṣọ. Màámi ń yan ẹja lábẹ́ fèrèsé wa, látìgbà tí mo ti wà ní kékeré."

"Èéfín ló jẹ ẹ̀dọ̀fóró yín. Èyí tó ti bàjẹ́ ò ní padà sípò mọ́. Tẹ́ ẹ bá jìnnà sí i, a lè di ìyókù mú. Bàbá yín ńkọ́?"

"Ikọ́ kan náà ló pa wọ́n."

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí iná ẹja ni. Télọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, èémí ń já mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá gbọ́ ọ dópin.

"Ẹ purọ́ mọ́ mi," ó wí nígbẹ̀yìn. "Èmi kì í ṣe àjẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pa bàbá ẹ."

"Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọlé."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà á dìde, ó sì dáwọ́ dúró. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Má sún mọ́ mi," ó ní. "Èéfín ṣì wà lára aṣọ mi."