Ẹ̀jẹ̀ Ara Sùtánà

Tinúkẹ́ tún rí i. Ó na sùtánà funfun bàbá rẹ̀ sókè lẹ́yìn ilé wọn ní Odode, àmì ẹ̀jẹ̀ sì wà ní ìdí rẹ̀, ó tóbi ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ.

Alàgbà Olútìmẹ́hìn ni bàbá náà. Òun ló ń dúró níwájú pẹpẹ nínú ìjọ Aládùúrà wọn, ó sì mọ òfin ibẹ̀: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lára rẹ̀ kì í sún mọ́ pẹpẹ.

"Jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Mo ti jáwọ́ nínú ṣúgà, mo sì ń mu àgbo. Ìwọ ṣáà máa bá mi fọ̀ ọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́."

Orí Tinúkẹ́ wú. Nínú gbogbo ọmọ, òun tó wà ní kíláàsì kẹta nílé ìwé girama ni bàbá finú hàn. Ó ń fi omi tútù àti iyọ̀ bó ẹ̀jẹ̀ náà, ó ń fi búlúù parí rẹ̀, aṣọ a sì mọ́ tónítóní. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Inú ń lọ́ ọ, kò sì lè gbé àpò kòkó mọ́. Ni Hannah, ìyá Tinúkẹ́, bá pe ọmọ rẹ̀ sí ìdí ààrò.

"Ìwọ lò ń fọ aṣọ bàbá rẹ. Ṣé o rí nǹkan kan?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ó rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe bẹ̀ ẹ́.

"Rárá, Màmá. Bóyá iṣẹ́ oko ló rẹ̀ wọ́n."

Irọ́ yẹn gba odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí bàbá ṣubú lóko kòkó, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́.

"Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni," ni dókítà sọ fún Hannah àti Tinúkẹ́, "ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Kókó kékeré ló sábà máa ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Bí a bá tètè rí i, a lè gé e kúrò. Ṣé ẹ̀jẹ̀ kò ti ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde ni?"

Hannah ní òun kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan. Tinúkẹ́ bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó sì mọ̀. Kò nà án, kò bú u, ìyẹn gan-an ló sì dun ọmọ náà jù.

"Ẹ sọ fún àwọn àbúrò ọkọ yín," ni dókítà fi kún un. "Àrùn yìí lè rìn nínú ẹbí. Kí wọ́n wá kí a yẹ̀ wọ́n wò, bí nǹkan kan kò tilẹ̀ dùn wọ́n."

Wọ́n sin Alàgbà Olútìmẹ́hìn tòun ti sùtánà rẹ̀. Tinúkẹ́ ló fọ̀ ọ́. Ó funfun báláú.

Wọ́n jẹ́ iṣẹ́ dókítà fún Dúrótoyè, àbúrò olóògbé, tó gba ipò rẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló yọ́ mú sùtánà tirẹ̀ wá bá Tinúkẹ́.

"O mọ aṣọ fọ̀, ọmọ mi. Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Kó má kúrò láàárín àwa méjèèjì."

Tinúkẹ́ gba aṣọ náà. Kò bomi sí i. Ó gbé e wọlé lọ síbi tí ìyá rẹ̀ àti ìyàwó Dúrótoyè jókòó sí, ó sì tẹ́ ẹ síwájú wọn, ojú ẹ̀jẹ̀ lókè.

"Tinúkẹ́, o dójú tì mí," ni Dúrótoyè wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ foríjì mí, sà. Mo bo àṣírí bàbá mi títí ẹ̀pà ò fi bóró mọ́. N kò ní bo tiyín. Mọ́tò Àkúrẹ́ ò ní pẹ́ gbéra."

Ìyàwó Dúrótoyè ti dìde, ó ń wá gèlè rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá ìgbẹ́ jáde ni jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹni tó bá rí i, kó sọ ọ́, kó sì tètè lọ fara han dókítà. Ìtìjú a máa tán. Ẹni tó bá wọ ilẹ̀ kì í padà wá mọ́.